Owó Ìléyá Ló Ra Páànù

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé bàbá bàbá mi. Èyí tó kẹ́yìn dúró lójú ilẹ̀kùn, ó wo èmi àti ọmọbìnrin tí mo mú wá, ó ké, ó sì bá àwọn yòókù lọ. Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní oṣù Kẹwàá 1986. Bàtà funfun ni àfẹ́sọ́nà mi wọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wo ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ewúrẹ́ bò, ó bọ́ bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó ń ka ihò ara páànù, nítorí oòrùn ń gba ojú ihò kọ̀ọ̀kan wọlé bí ẹni pé wọ́n na okùn funfun láti òrùlé dé ilẹ̀.

"Mọ́kànlélógún," ló wí.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú ilé náà nìyẹn.

Ilé náà ṣì dúró ní Ìbẹ̀fun. Àwọn ọmọ ẹbí wa ń pè é ní ilé tí Tíṣà tún ṣe. Èmi ni Tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Bí mo bá dákẹ́ títí mo fi lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa pè é, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Ọdún 1986 kì í ṣe ọdún tó rọrùn fún ọ̀dọ́ olówó oṣù láti dá ilé tirẹ̀ ní. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbẹ̀fun ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Télọ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì pé ọdún méjì tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ìsọ̀ kékeré tó háyà kò sì jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé. Yàrá méjì la kọ́kọ́ fẹ́ gbà nígboro. Onílé kan ní kí a san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún un, ó ní yàrá ti tán. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún náà sì ni ìjọba Babangida dá ọjà tuntun sílẹ̀ fún owó òkèèrè: dọ́là kan tí a ti ń fi bíi náírà kan ààbọ̀ rà di ohun tí náírà mẹ́rin kò ká mọ́. Sáàpù la mọ gbogbo rẹ̀ sí. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ ní 1981, náírà 125, ojú kan náà ló wà títí di 1990 tí wọ́n sọ ọ́ di 250. Páànù ní tirẹ̀ kò dúró dé ẹnikẹ́ni. Bí o bá béèrè owó rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí o ní o ń lọ mówó wá, tí o bá padà lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀tọ̀ ni iye tí o máa bá.

Bàbá bàbá mi kọ́ ilé náà kí ogun Hitila tó bẹ̀rẹ̀, owó obì gbànja ló fi kọ́ ọ. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n mọ ọ́n ní ìpele ìpele, ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Mo ti fi apá wọn bí ó ṣe nípọn tó: ó ju igbọ̀nwọ́ kan lọ. Yàrá mẹ́rin ló ní, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín àti ilé ìdáná lẹ́yìn. Inú yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n sin bàbá náà sí.

Ilé ẹbí ni. Gbogbo ọmọ tó ti ara bàbá náà jáde ló ni ín, kò sí ẹni tó lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí i. Bí ọmọ ẹbí kan bá náwó lé e, tó tún un ṣe tó dára, owó yẹn kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ilé ẹbí náà ni yóò ṣì jẹ́. Ti ìyàwó ọmọ ẹbí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀, nítorí nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ tó bí ló ń bá bàbá wọn wọlé. Mo mọ èyí. Àfẹ́sọ́nà mi náà mọ̀ ọ́n, ìṣojú rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

Mo gbé obì àti ìgò ṣìnáàpù lọ bá olórí ẹbí. Wọ́n pèpàdé, wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí, wọ́n sì gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó mọ̀wé kọ àdéhùn náà sórí pépà gígùn: pé ẹbí yọ̀ǹda kí n tún ilé ṣe kí n sì máa gbé ibẹ̀, pé n kò gbọdọ̀ tà á, pé n kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tí bàbá sùn sí, pé yàrá kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọmọ ẹbí tó bá wálé nítorí ìnáwó tàbí ìsìnkú. Mo fọwọ́ sí i. Àgbà méjì fọwọ́ sí i, ẹnì kẹta tẹ̀ka. Orúkọ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ká pépà náà sápò, mo ń fò fáyọ̀.

Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi kà á fún ìyá rẹ̀, ìyá náà gbọ́ ọ délẹ̀, ó wá bi í pé, "Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

Kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Lọ́jọ́ kejì ló ra ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, ó fi rúlà fa ìlà kan sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Apá òsì, ohun tí Tíṣà mú wá. Apá ọ̀tún, ohun tí òun mú wá. Nígbà tí mo rí ìwé yẹn, inú bí mi. Mo ní ṣé òwò la fẹ́ jọ ṣe ni tàbí ìgbéyàwó? Ó ní kì í ṣe òwò, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ tó ń gé aṣọ oníbàárà láìkọ ìwọ̀n sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì ti tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bíríkìlà tó kọ́kọ́ wo ilé náà ní kí a wó o. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń ta sí i láti ọdún pípẹ́ tó sì ti jẹ ẹ́ wọnú. Ó ní ilé amọ̀ kì í gba àtúnṣe, búlọ́ọ̀kù ni kí a rà. A ṣírò owó búlọ́ọ̀kù, a kò ṣírò rẹ̀ dópin tí a fi pa ìwé dé. A wá ní kó kúkú bá wa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta, kó le, kó jọ ilé ayé òde òní. Àpò 11 la rà. Ìpínlẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, ní Ewékorò láti 1960 àti ní Ṣàgámù láti 1978, òkúta inú ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ń lọ̀, síbẹ̀ bí dọ́là ti ń gòkè ni òun náà ń gòkè, torí òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wọn ti ń wá. Apá òsì ìwé, àpò 7. Apá ọ̀tún, àpò 4.

Oṣù Kejì 1987 ni wọ́n rẹ́ ẹ tán. Ó dán. Àwọn èèyàn ń yà wò ó bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ dé, kò sì tíì rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ọmọdé kan fi sáré wá bá mi ní ilé ìwé pé kí n wá wo ilé wa. Sìmẹ́ńtì ti ń ṣí kúrò lára ògiri bí èèpo ẹyin sísè, ó ń já lulẹ̀ ní ègé ńláńlá. Mo gbé ọ̀kan, mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí a fọ̀. Kò di amọ̀ mú níbì kankan.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé bó ṣe máa ń wá, ó rí i fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí àwọn ègé náà, ó sọkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní ta ló mọ ilé amọ̀ ní ìlú yìí tí kò tíì kú.

Bàbá kan wà nísàlẹ̀ ìlú tó mọ ògiri nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀pá ló fi wá. Ó ní kí n bu omi wá, ó fi ọwọ́ wọ́n ọn sára ògiri níbi tí sìmẹ́ńtì ti já, ó ní kí a máa wò ó. Amọ̀ mu omi náà, ojú rẹ̀ dúdú. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà. "Bó ṣe ń mu ún náà ló ń tú u jáde," ó wí. Ó ṣàlàyé pé ògiri amọ̀ ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó le kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún kì. Omi tó bá gba ojú sísán wọlé kò ní rọ́nà jáde mọ́, yóò wà láàárín àwọn méjèèjì títí wọn yóò fi kọra sílẹ̀. Ó ní a kò tilẹ̀ ha ojú ògiri kó rí gbágungbàgun kí a tó rẹ́ ẹ. Kò bú bíríkìlà. Ó ní ọmọ búlọ́ọ̀kù ni, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń ṣe.

A bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. A ha gbogbo sìmẹ́ńtì tó kù. A fi àdá gé ojú ògiri wẹ́wẹ́, a gbá ìṣó àlòkù àti òkúta kéékèèké wọ̀ ọ́ káàkiri kí ohun tí a fẹ́ fi rẹ́ ẹ lè rí ibi dì mú. A po amọ̀ pupa tí a ti jọ̀ mọ́ yanrìn. Bí a bá da abọ́ mẹ́jọ rẹ̀ jọ, sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ ju abọ́ kan lọ. Níbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti jẹ, a fi amọ̀ tuntun dí i, ìpele kan lọ́sẹ̀ kan, a sì ń fi màrìwò bò ó kó má tètè gbẹ kó má baà sán. Lẹ́yìn èyí ni a wá fi kọnkéré ṣe ìgbátí yí ìsàlẹ̀ ilé ká. Ẹ̀yìnkùlé ni amọ̀ ti wá, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a fi tún ilé yẹn ṣe, òun nìkan ni dọ́là kò rí gbá mú.

Sátidé méje ni ọmọbìnrin yìí fi po amọ̀. Á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á máa tẹ̀ ẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì á máa bu omi sí i. Àwọn kan sọ̀rọ̀. Wọ́n ní irú ọmọ wo ni wọn kò tíì dána rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ọkọ. Kò sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wẹ ẹsẹ̀, á wọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Sátidé kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, àgbàlagbà obìnrin, gbé gàrí àti ẹja yíyan wá fún un, ó kó aṣọ tirẹ̀ náà sókè, ó sì bọ́ sínú amọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹjọ́ tán.

Òrùlé ló gba owó jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹbí mi gbọ́ dáadáa.

Káfíńtà gun orí ilé, ó ń fi òòlù kan igi òrùlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i. Èyí tó bá dún koko, ìrókò tí bàbá àgbà fi lélẹ̀ ni, á fò ó. Èyí tó bá dún bí àkèrègbè, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Mẹ́rìndínlógún ló dún bí àkèrègbè. A ra igi tuntun ní sọ́mìlì ní Ìjẹ̀bú-Òde, lára èyí tí wọ́n ń kó wá láti igbó Ọmọ̀, a sì fi epo ẹ́ńjìnì dúdú tí mẹkáníìkì kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì nítorí ikán. Bàbá ìsàlẹ̀ ìlú ní kí òrùlé yọ síta sí i ní ìwọ̀n apá kan, kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ má tún dé ara ògiri mọ́. Èyí fi páànù kún páànù. Nígbà tí káfíńtà ṣírò rẹ̀ tán, ìdì mẹ́rin ni, 20 nínú ìdì kan. Owó oṣù mi kò lè ra ìdì kan.

Ìléyá ọdún náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí Ìléyá jẹ́ fún télọ̀. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí Awùjalẹ̀. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ló wà lórí oyè nígbà náà, láti 1960 títí tó fi wàjà ní oṣù Keje 2025. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí aṣọ òun kù díẹ̀ káàtó níwájú ọba. Láti oṣù Keje ni aṣọ ti kún ìsọ̀ àfẹ́sọ́nà mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo lọ kí i lálẹ́ ọjọ́ kan, Nẹ́pà ti mú iná lọ, làǹtánì méjì ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì Singer rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí pẹ́dààlì. Kò dá a dúró bó ṣe ń kí mi. Abẹ́rẹ́ ti gún un ní àtàǹpàkò, ó fi àjákù aṣọ léèsì dì í.

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, aṣọ èṣí ló wọ̀. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nawọ́ sí aṣọ tó rán lára àwọn tó ń kọjá. "Tèmi nìyẹn. Tèmi nìyẹn. Ọrùn ìyẹn fún mi níṣẹ́." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a jọ lọ sọ́dọ̀ onípáànù. Àfẹ́sọ́nà mi tú ìdì aṣọ ańkárá kékeré kan lórí káńtà, ó ka owó náà, ó tún un kà. Ìdì páànù mẹ́rin. Mo ti ṣí ìwé náà wò ní àìmọye ìgbà. Lójú ewé ọjọ́ yẹn, apá òsì ṣófo.

Ìṣó tí a yọ lára òrùlé àtijọ́ kò ṣòfò. Àfẹ́sọ́nà mi kó wọn sínú agolo Bournvita, ó jókòó ti òkúta kan lẹ́yìn ilé. Á gbé ìṣó tó wọ́, á kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á yí i, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á jù ú sínú agolo kejì. Lẹ́ẹ̀mejì, yí i, lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ìṣó àlòkù, agolo 3, apá ọ̀tún. Mo ní kí ló dé tó ń kọ ohun tí a kò fowó rà. Ó ní, "Ọwọ́ mi ńkọ́?"

Òjò ńlá kan rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí káfíńtà sọ̀ kalẹ̀. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo páànù kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Ó gbójú sókè bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò rí ohun tí yóò kà. Níta, ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń dà sórí ìgbátí, ó ń ta sẹ́yìn, ògiri sì gbẹ.

A dána ní oṣù Kejìlá 1987. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú un wá sí Ìbẹ̀fun, àwọn ìyàwó ilé fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, ẹsẹ̀ kan náà tó fi po amọ̀ ilé náà. Ọmọ mẹ́rin la bí síbẹ̀.

Ní ìpàdé ẹbí ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí wa ní kí a wó ilé náà, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. N kò bá wọn jà. Ohun tí mo béèrè ni pé kí ẹbí kọ pépà mìíràn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí orúkọ ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo bá ṣáájú rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní kó kó ẹrù. Wọ́n ní a kò ṣe é rí. Mo sọ fún wọn pé ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà kan nílẹ̀ Ìgbò tó lé opó kan jáde nílé ọkọ rẹ̀ torí pé kò bí ọmọkùnrin. Ọ̀dọ́ kan ní ìyẹn kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ni, kì í ṣe tiwa. Mo bi í pé kí wá ni tiwa. Olórí ẹbí ní kí a fún àwọn láàyè kí àwọn rò ó, wọ́n sì ń rò ó lọ́wọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, mo mú ìwé kékeré yẹn dání. Èèpo rẹ̀ ti já, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà á. Mo ka sìmẹ́ńtì, apá òsì àti apá ọ̀tún. Mo ka igi, mo ka yanrìn, mo ka owó ọkọ̀. Mo ka páànù, ìdì mẹ́rin, apá ọ̀tún nìkan. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sójú ìwé. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìyàwó ilé, kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo kà á dé ìṣó àlòkù, agolo mẹ́ta.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọkọ mi," ó wí láti ẹ̀yìn. "Mẹ́rin ni. Agolo kẹrin kún lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́."

Mo yọ bírò lápò, mo sì tún un ṣe lójú gbogbo wọn.